Ṣé Irọ́ Ni Ìràwọ̀ Orí Ògiri?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2024, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bọ̀ láti ibi tá a ti lọ ra búrẹ́dì ní Sango. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Tírélà kún ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò bó ṣe máa ń rí, eruku ń fẹ́, mo sì di ọwọ́ ọmọ mi mú gírígírí. Àfi bó ṣe dúró lójijì, tó ń wo òkè. Òṣùpá tuntun wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ó tín-ín-rín bí èékánná. Ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ wà nítòsí ẹ̀.

"Daddy, kí nìyẹn?"

Mo dúpẹ́ pé mo mọ ọ̀kan yẹn. Ìyá mi ló fi hàn mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Àgùàlà ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá nítorí ó máa ń bá a rìn kiri. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì fi kún un pé kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an, pílánẹ́ẹ̀tì ni, òun ni òyìnbó ń pè ní Venus. Láti ọjọ́ yẹn, a ò gbádùn mọ́ nílé. Kí ló ń jẹ́ kó mọ́lẹ̀? Níbo ló ń lọ lọ́sàn-án? Ìràwọ̀ mélòó ló wà? Ta ló kà á?

Kò pẹ́ tó fi rí ẹ̀rọ kékeré kan nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní star projector. Tẹ́ ẹ bá pa iná yàrá, tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ yìí, ìràwọ̀ á kún àjà àti ògiri. Ó ní òun fẹ́ ọ̀kan. Mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí èyí tó jẹ́ 9,000 náírà, mo rà á. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ojú ọ̀run gidi ló máa gbé wá sínú yàrá ọmọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, a pa iná, a tan án. N ò ní purọ́ fún yín, èmi gan-an la ẹnu sílẹ̀. Àmì tó-tò-tó aláwọ̀ ewé kún gbogbo yàrá, nǹkan bíi kùrukùru aláwọ̀ búlúù àti elésè àlùkò sì ń rìn láàárín wọn. Ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí léèrè pé, "Daddy, Àgùàlà dà?"

Mo wo àjà. Mo wo ògiri. Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi díẹ̀ ju ìyókù lọ, mo ní, "Òun nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn. Èmi ni n ò sùn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé irọ́ ni mo pa? Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ṣé ẹ̀rọ náà ló pa á ni àbí èmi? Ṣé ó sì já mọ́ nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan ìṣeré ọmọdé lásán là ń sọ?

Lọ́jọ́ kejì, mo tú ẹ̀rọ náà. Kò sí àdììtú kankan nínú ẹ̀. Iná laser aláwọ̀ ewé kékeré kan ló wà níbẹ̀, wọ́n wá fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí iwájú ẹ̀, ike tí wọ́n fa ìlà wíńníwínní sí lára. Tí iná bá gba ibẹ̀ kọjá, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì. Ẹ fara balẹ̀ wò ó lára ògiri, ẹ máa rí i pé àpẹẹrẹ kan náà ló ń tún ara ẹ̀ ṣe, bí òdòdó ara aṣọ àǹkárá. Kùrukùru yẹn, iná LED ni, ike tó rí ségesège sì ń yí níwájú ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì yẹn tó jẹ́ ìràwọ̀ kankan. Ẹni tó ṣe é ò tiẹ̀ ronú kan ìràwọ̀ rárá. Ó kàn da àmì sára ògiri ni.

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe jẹun. Nínú iṣẹ́ wa, nǹkan kan wà tá à ń pè ní dummy data. Ká ní mò ń kọ app fún ilé ìtajà kan, tí wọn ò sì tíì fún mi ní orúkọ àwọn oníbàárà wọn, màá kọ orúkọ tí mo fọwọ́ ara mi dá, màá kọ iye owó tó bá wù mí, kí n lè rí bí app náà ṣe máa rí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá ilé ìtajà bá wò ó tó sì bi mí pé, "Ṣé iye tá a tà lóṣù tó kọjá nìyí?", tí mo wá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Nọ́ńbà náà ò yí padà o. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nípa ẹ̀ ló sọ ọ́ di irọ́.

Mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó sì wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, eré ọmọdé lẹ fẹ́ sọ di ẹjọ́ kóòtù? Bèbí tó ń gbé pọ̀n kiri, ṣé ọmọ gidi ni? Ṣé ìjàpá ń sọ̀rọ̀ ni? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ̀ ń pàlọ́ fún un?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò parọ́ fún tó bá jẹ́ pé irọ́ là ń pe àlọ́. Ìjàpá lọ bá àna ẹ̀ lálejò, ìjàpá bá ẹyẹ fò lọ sọ́run, a gbọ́ gbogbo ẹ̀, a sì dàgbà di ọmọlúàbí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ronú lórí èsì ọ̀rọ̀ yẹn.

Èsì tí mo rí nìyí. Kí apàlọ́ tó sọ nǹkan kan, ó máa ń ké pé, "Ààlọ́ o!" Àwa náà á dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Ìkíni lásán kọ́ nìyẹn. Àdéhùn ni. Apàlọ́ ń sọ fún wa pé ibi tá a fẹ́ wọ̀ yìí, ẹranko lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwa náà ń dá a lóhùn pé a ti mọ̀, a gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó jáde nídìí àlọ́ tó lọ ń wá ìjàpá kó wá bá òun sọ̀rọ̀. Bèbí náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi mọ̀ pé ike ni. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fún bèbí yẹn ní oúnjẹ gidi, ẹ máa gbọ́ èsì tó máa fún yín.

Ẹ̀rọ tí mo rà ò ké "Ààlọ́ o" rárá. Páálí ẹ̀ ní ojú ọ̀run gidi ni. Nígbà tí ọmọ mi sì bi mí léèrè Àgùàlà, kò sí nínú eré mọ́. Ó ti rí Àgùàlà lójúkojú ní Sango, ó wá fẹ́ mọ ibi tó wà nínú èyí tá a rà. Ó ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Ìyẹn gan-an là ń pè ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe sáyẹ́ǹsì níwájú mi, mo sì fi irọ́ dá a lóhùn torí mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ ò lẹ́nu. Èmi ni mo parọ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn irú ẹ̀rọ yìí, ìtìjú ẹ̀ sì pọ̀ sí i fún mi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1923, ní Deutsches Museum nílùú Munich ní Jámánì, àwọn òṣìṣẹ́ Zeiss láti ìlú Jena fi ẹ̀rọ kan hàn tí Walther Bauersfeld darí ṣíṣe ẹ̀. Nǹkan bí ìràwọ̀ 4,500 ló ń tàn sára òrùlé tó rí bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wà níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tó yá, Armand Spitz ní Amẹ́ríkà rí i pé owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó ṣe àpótí kan tó ní ojú méjìlá, ó lu ihò sí i lára, ó fi iná sínú ẹ̀. Ihò ni ìràwọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n fi ìṣirò lu ni. Nígbà tó di ọdún 2005, Takayuki Ohira ará Japan àti ilé iṣẹ́ Sega gbé Homestar jáde, èyí téèyàn lè gbé sórí tábìlì nínú yàrá, nǹkan bí ìràwọ̀ 10,000 ló ń gbé jáde. Gbogbo àwọn èèyàn yìí ló ṣe wàhálà kí àmì kan má bàa kúrò ní àyè ẹ̀. Èyí tí mo rà ń jẹ orúkọ tiwọn láìṣe iṣẹ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan fún ọmọ, ẹ mọ̀ pé oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ti laser, tí mo ti ṣàlàyé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wo ojú iná ẹ̀ tààrà o, torí laser lè ba ẹyinjú jẹ́. Ti ihò, tí iná wà nínú ike, tí ihò sì wà lára ike yẹn: àwọn kan lu ihò wọn bó ṣe yẹ, àwọn mìíràn kàn lù ú bó ṣe wù wọ́n. Ti díìsì, tí wọ́n ya àwòrán ojú ọ̀run sára díìsì kékeré, tí iná àti awò á gbé e sára ògiri: èyí ló máa ń péye jù, òun náà ló sì wọ́n jù. Owó èyí tó dáa níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi olùtajà: "Ẹ nawọ́ sí ìràwọ̀ kan níbí, kẹ́ ẹ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi." Tí kò bá lè ṣe é, ohun ẹ̀ṣọ́ yàrá ló ń tà. Kò burú, àmọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀.

Èyí tó péye gan-an tún ní ìṣòro tiẹ̀. Wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún ọmọ Japan, ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ London. Polaris, ìràwọ̀ àríwá, máa ń wà lókè níbẹ̀, tí ohun gbogbo ń yí i ká. Ọ̀tà wà ní nǹkan bíi dígírì 6.7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìyẹn ni pé Polaris ò lè ga ju nǹkan bíi dígírì méje lọ níbí. Tó o bá na apá ẹ, tó o di ìkúùkù, kò tó ìkúùkù yẹn láti ilẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ ló wà, nínú eruku. Lọ́wọ́ kejì, àwa lè rí Àgbélébùú Gúúsù lálẹ́ oṣù Karùn-ún tí ojú ọ̀run bá mọ́, ọmọ London ò sì lè rí i láéláé láti ilé ẹ̀. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run alẹ́, ní orúkọ lédè wa pàápàá. Nínú ìwé tí A. B. Ellis kọ nípa Yorùbá ní ọdún 1894, ó sọ pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí òun làwọn awakọ̀ ojú omi fi ń mọ̀nà. Díìsì wo ló kọ ìyẹn sára?

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló dé tí mi ò kàn mú ọmọ jáde síta? Ó dáa. Ẹ wá sí àdúgbò wa lálẹ́. Iná ilé iṣẹ́ ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀, èéfín ń jáde, tó bá tún di ìgbà ọyẹ́, eruku á bo ìyókù. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa. Kì í sì í ṣe Sango nìkan. Ní ọdún 2016, Fabio Falchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àwòrán ayé kan jáde tó fi hàn pé ó lé ní ìdá 80 nínú 100 àwọn èèyàn ayé tó ń gbé lábẹ́ ojú ọ̀run tí iná ti bà jẹ́. Àwa la kọ́kọ́ fi iná bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀, ká tó wá lọ ra ìràwọ̀ tó ń lo iná. Tá a bá wá tún ra èyí tí kò jọ ọ́, kí la fi ń tan ara wa?

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà là ń gbé. Wọ́n máa ń mú iná lọ. Tí wọ́n bá ti mú un lọ, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ àti ti àwọn aládùúgbò tó dìde, ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń wà tí gbogbo nǹkan á ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú yẹn ni ìràwọ̀ wa.

Mo kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ fún ọmọ mi. Mo ní àmì tí mo fi hàn ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe Àgùàlà, kò sí Àgùàlà níbẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ pé òun ni?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ni, mi ò sì fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ bá sọ pé ẹ ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju kí ọ̀gá mi lé mi níbi iṣẹ́ lọ.

A jọ ṣe tiwa. Mo gba Stellarium sórí kọ̀ǹpútà, ètò ọ̀fẹ́ tí ọmọ Faransé kan, Fabien Chéreau, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000. Mo sọ fún un pé Ọ̀tà la wà, aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ó gbé Orion jáde lápá ìlà-oòrùn: ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò sórí ara wọn bí àtẹ̀gùn, ìràwọ̀ pupa tó ń jẹ́ Betelgeuse lápá òsì nísàlẹ̀, Rigel tó funfun lápá ọ̀tún lókè. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo lẹ pépà mọ́ ìdí agolo mílíìkì ńlá kan, mo fi ìṣó àti òòlù lu ihò, ìṣó ńlá fún ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ìṣó kékeré fún ìyókù. Ọmọ mi fi ike pupa tí wọ́n fi ń di suwíìtì bo ihò Betelgeuse. A fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu agolo. Ó ṣiṣẹ́! Júpítà ò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tàn yòò lókè Orion lọ́dún yẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé pílánẹ́ẹ̀tì ń rìn láàárín ìràwọ̀, a ò lè lu ihò kan fún un kó máa jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àgùàlà náà ò fi lè wà nínú agolo wa.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ. Ó sáré jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sáré wọlé, ó tan agolo, ó tún sáré jáde. Ó ní, "Daddy, kò bára mu." Mo ní ó bára mu, kọ̀ǹpútà ló yà á. Ó ń yí agolo náà. Ó ní tí pupa bá wà lápá òsì bíi ti ìta, òkè ló ń wà, kì í wà nísàlẹ̀. Tí òun bá sì yí i kó lè wà nísàlẹ̀, apá ọ̀tún ló ń bọ́ sí. Mo ní kó jẹ́ kí n ríran. Ó fà mí lọ́wọ́ jáde. Mo wòkè. Mo wọlé, mo wo ògiri.

Ọmọ yìí jàre. Ìta ni mo ti lu ihò, inú ni iná sì ń gbà jáde, gbogbo ẹ̀ wá yí padà bí ìwé téèyàn ń kà láti ẹ̀yìn pépà. Ó yẹ kí n ti yí pépà yẹn dà kí n tó lù ú. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló rí àṣìṣe mi.

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyí. Nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, ọmọ ò gbọ́dọ̀ sọ fún bàbá ẹ̀ pé ibi tó sọ kọ́ ló rí. A máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà inú ẹ̀ la fẹ́ràn jù. Ẹ̀rọ laser yẹn ì bá tù mí lára títí ayé, torí kò sí bí ọmọ mi ṣe máa fi mú mi. Àmì èyíkéyìí tí mo bá nawọ́ sí ni Àgùàlà. Agolo yìí, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe ara ẹ̀, fún un ní nǹkan tó lè gbé jáde lọ fi wé ojú ọ̀run, kó sì padà wá sọ fún mi pé, "Kò bára mu." Àṣìṣe wà nínú agolo, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àṣìṣe ṣeé tún ṣe, torí ohun tá a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò wà níta.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, wọ́n gbé Nigeria EduSat-1 lọ sókè, sátẹ́láìtì tí yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ àti yunifásítì kan ní Japan jọ ṣe. Kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Àwọn tó ṣe irú ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ gbọ́ "kò bára mu" lọ́pọ̀ ìgbà kó tó gbéra. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè lọ ṣe télọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ̀ pé ẹnu bàbá òun kọ́ ni ibi tó kẹ́yìn téèyàn ti ń wádìí ọ̀rọ̀.

A ti ṣe agolo mìíràn, tí pépà ẹ̀ yí bó ṣe yẹ. A ò ju ti laser nù o. Àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, fẹ́ràn ẹ̀, òun la fi ń rẹ̀ ẹ́ kó lè sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí àbúrò yẹn ń nawọ́ sí àjà tó ń ní, "Ìràwọ̀! Ìràwọ̀!" Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì pé, "Iná àlọ́ nìyẹn. Tó o bá dàgbà díẹ̀ sí i, màá fi ti ìta hàn ẹ́."